Ẹ Má Fi Pamọ́ fún Dókítà Akunnilóorun: Ọ̀rọ̀ lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

Àwọn tó pè mí wá síbí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó sanra jù. N kò ní í sọ púpọ̀ nípa abẹ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ mi ní London níbí kò sì sí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó fẹ́ ṣe é ni mò ń rí ṣáájú, nígbà tí a bá ń wò ó bóyá ara wọn lè gbà á. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn dáadáa. Ohun tí mo rí lára tiwa ni mo fẹ́ bá yín sọ: àwọn nǹkan tó máa ń dá ọ̀rọ̀ wa rú ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ohun tí a mọ̀ tí a kò sọ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ yìí á sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé ìsinmi ni òun ń lọ. Á sọ fún ìyá ọkọ pé fàíbírọ́ìdì ni wọ́n fẹ́ yọ. Á sọ fún pásítọ̀ tàbí álífáà pé kí wọ́n fi òun sínú àdúrà nítorí ìrìn àjò kan. N kò bá a wí. Ta ni kò mọ ẹnu ayé? Bó bá sanra, wọ́n á pè é ní orobo níbi òwàǹbẹ̀. Kó fi ọdún kan fọn tán, àwọn kan náà á máa bi ara wọn pé àìsàn wo ló ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ bo àṣírí ara rẹ̀ fún ayé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbòmọ́lẹ̀ yẹn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó máa ń bá wọn wọlé, ibẹ̀ ló sì ti ń di ewu.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí iṣẹ́ abẹ náà jẹ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èkíní, wọ́n á gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, ohun tó bá kù á wá rí gbọọrọ. Nínú èkejì, wọ́n á pín àpòlúkù sí méjì, èyí tí oúnjẹ á máa bọ́ sí á kéré gan-an, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn kí oúnjẹ lè fo apá kan ìfun kọjá. Edward Mason àti Chikashi Ito ló bẹ̀rẹ̀ irú èkejì yìí ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966. Lónìí, ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà ṣe méjèèjì. Lọ́dún 1995, dókítà kan tó ń jẹ́ Walter Pories gbé ìwé jáde pé ìtọ̀ ṣúgà ń kásẹ̀ nílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ṣiṣẹ́ abẹ fún. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó tún lè sọ pé nítorí ẹwà nìkan ni wọ́n ń ṣe é.

Ṣáájú Mason, irú kan wà tí wọ́n ń ṣe látìgbà 1950 sókè, tí wọ́n ń fo èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun kọjá. Àwọn èèyàn fọn lóòótọ́. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan bàjẹ́, kíndìnrín àwọn mìíràn kún fún òkúta, àwọn kan sì kú. Lẹ́yìn irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera pe àwọn ọ̀mọ̀ràn jọ lóṣù Kẹta ọdún 1991. Wọ́n ní kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ nìkan ni yóò máa dá a pinnu mọ́. Kí dókítà, onímọ̀ nípa oúnjẹ, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá àti oníṣẹ́ abẹ jọ wo èèyàn yẹn tinú tòde kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń bínú pé wọ́n ń gbé òun kiri láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 lórí èèyàn 4,776 tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà, àwọn tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ bí ẹni 3 nínú 1,000. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dín ìbẹ̀rù yín kù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa ni wọ́n kà.

Ta ló tọ́ sí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ń tẹ̀ lé ni pé kí BMI èèyàn, ìyẹn ìwọ̀n ara rẹ̀ sí gíga rẹ̀, tó 40, tàbí kó tó 35 bí àìsàn tí ìsanra ń fà bá ti wà lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ rí ni pé fún àwa tí ìran wa ti Áfíríkà wá, ìlànà náà ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò, torí pé ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tètè mú wa kí a tó sanra tó àwọn òyìnbó. Obìnrin tó ga ní mítà 1.65, kìló 109 ni yóò wọ̀n kó tó débi 40. Bí wọ́n bá yọ 2.5 yẹn, kìló 102 ti tó. Kìló méje kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí dókítà àdúgbò yín (GP) kò bá dá a sọ, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́.

Àwọn ẹbí yín tó wà ní Houston tàbí Maryland á sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà gbáko ni iléeṣẹ́ adójútòfò fi ní kí àwọn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí wọ́n tó sanwó. Ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ohun tí mò ń sọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanrajù ní Amẹ́ríkà fúnra wọn ti sọ ọ́ síta pé kò sí ẹ̀rí tó gbe àfipáṣe yẹn lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, owó ni wọ́n ń fi ìyẹn dá dúró. Àyẹ̀wò tí mò ń sọ, ẹ̀mí ló wà fún.

Oorun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá fún ẹni tó sanra lóògùn oorun tó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀ á sì kéré. Bí dókítà bá pẹ́ díẹ̀ kó tó ráyè ti ọ̀pá èémí bọ ọ̀nà ọ̀fun, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ á jábọ́ kíákíá ju ti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé orí àti èjìká irú ẹni bẹ́ẹ̀ sókè lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi ń béèrè pé: ṣé ẹ máa ń hanrun? Ṣé ó ń rẹ̀ yín lọ́sàn-án? Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i kí èémí yín dá dúró lójú oorun? Ìbéèrè mẹ́jọ ni, àwọn dókítà kan ní Toronto, tí Frances Chung ṣáájú wọn, ló tò ó jọ lọ́dún 2008. Ọ̀kan lára wọn ni kí a wọn ọrùn, bóyá ó ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ.

Irọ́ kún inú ìdáhùn tí a ń rí gbà. Àwọn ìyá wa á ní, “Èmi kẹ̀? Èmi kì í hanrun.” Ẹ̀yin tó sùn kọ́ lẹ máa gbọ́, ẹni tó sùn tì yín ni. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya bá yín wá. Àwọn mìíràn ti gbà pé ogun ojú oorun ló ń fún àwọn lọ́rùn tí àwọn fi ń ta jí lóru, tí àwọn ń mí gúlegúle. Wọ́n ti gbé e dé orí òkè àdúrà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wò ó ní òru ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé èémí ló ń dá dúró, ẹ̀rọ kan wà tí Colin Sullivan ṣe ní Sydney, tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1981, tó ń ti afẹ́fẹ́ gba imú wọlé kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pa dé. Ẹni tó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú á gba oògùn oorun pẹ̀lú ewu tó kéré. Ẹni tó bá fi pamọ́, oògùn ìrora bíi morphine tí wọ́n bá fún un lálẹ́ ọjọ́ náà lè dá èémí rẹ̀ tó ti ń dá dúró tẹ́lẹ̀ dúró pátápátá.

Àwọn awakọ̀ ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń fi í pamọ́. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tàbí takisí mọ̀ pé bí òun bá ní oorun ń kùn òun lọ́sàn-án nítorí àìsàn yìí, òun gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà, wọ́n sì lè ní kí òun sinmi ọkọ̀ wíwà. Oúnjẹ ọmọ ló wà níbẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ká oorun ọ̀sán náà kúrò, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, wọ́n lè jẹ́ kó padà sídìí ọkọ̀.

Ó kan oògùn. Mo máa ń sọ pé: ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e wá. Wọ́n á gbé ti GP wá, wọ́n á fi èyí tí wọ́n rà ní ọjà Rye Lane sílé. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí re kò sí nínú ọ̀rá. Aáyù tí wọ́n ń gbé mì láràárọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè mú ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Alábùkún ńkọ́? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Jacob Sogboyega Odulate ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1918, kò sì sí ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà kí ẹ kà á: aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní òun kì í lo aspirin, tó ń da Alábùkún sẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí orí bá fọ́ ọ, aspirin ló ń lò. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, ó sì ń dá ọgbẹ́ sínú, pàápàá lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ kejì yẹn, èyí tí wọ́n ń so ìfun mọ́ àpòlúkù. Ibuprofen náà ń dá ọgbẹ́ yẹn sínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí dókítà ọkàn fún ní aspirin, ẹ má fi ìpinnu ara yín dá a dúró. Ẹ bi wọ́n.

Abẹ́rẹ́ tó lòde báyìí, Ozempic, Wegovy, Mounjaro, òun ni wọ́n ń fi pamọ́ jù. Wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ojú sì ń tì wọ́n. Abẹ́rẹ́ yìí ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú àpòlúkù. Ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan látàná lè ṣì ní oúnjẹ nínú, bó bá sì bì nígbà tó ti sùn, èébì náà á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Láti ọdún 1946 ni Curtis Mendelson ti ṣàlàyé ohun tí irú èébì bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró àwọn aboyún tí wọ́n fún lóògùn oorun. Kò sí ẹni tó máa bá yín jà nítorí abẹ́rẹ́. Ẹ sáà sọ ọ́, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ẹ máa dá a dúró tàbí bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ra. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan tún wà, irú bíi dapagliflozin àti empagliflozin, tó yẹ kí èèyàn ti fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí pé ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga.

Ṣúgà náà fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c ni wọ́n fi ń wò ó. Bó bá ju 69 lọ níbí, tàbí ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún bí wọ́n ṣe ń kà á níbòmíràn, wọ́n á fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wálẹ̀. Ẹ fetí sí mi níbi yìí o. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò náà ń gbára lé, ó sì yẹ kí sẹ́ẹ̀lì yẹn lo bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kì í lò tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ á máa parọ́ pé ṣúgà rẹ̀ kò ga. Lára AS pàápàá, ìwádìí kan nínú ìwé JAMA lọ́dún 2017 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn pé nọ́ńbà náà máa ń kéré ju bí ṣúgà wọn ṣe rí gan-an. Gbogbo wa la mọ jẹ́nótáìpù wa. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la fi í ṣe, bí ẹni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé igbá ìyàwó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ sọ ọ́ fún wa. Òtútù, àìmu omi tó àti afẹ́fẹ́ tó kéré, àwọn ohun tí dókítà akunnilóorun gbọ́dọ̀ lé jìnnà sí ẹni tó jẹ́ SS nìyẹn, kò sì lè lé ohun tí kò mọ̀.

Àwọn obìnrin ní tiwọn. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi nítorí fàíbírọ́ìdì, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè ti gbẹ kó tó débẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n fún un ní áyọ́ọ̀nù ṣáájú. Ẹlẹ́rìí Jèhófà tí kò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kó wí i lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó ní estrogen nínú, wọ́n lè ní kó dá a dúró ní bí oṣù kan ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Kó sì bá wọn ṣètò òmíràn, torí pé oyún kò gbọ́dọ̀ wọlé fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ọ̀rá bá ti ń yọ́, ọmọ máa ń tètè dé, kódà fún ẹni tó ti ń wá a kiri tipẹ́. Sìgá ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò gba àlàyé.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì dúró, tí wọ́n ń pè ní heparin, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa irú èyí tó wọ́pọ̀ yọ. Mo rí i pé ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí ju kí ẹ gbọ́ ọ lórí ibùsùn, kí ẹ wá kọ̀ ọ́. Ẹ bi álífáà yín, ẹ bi dókítà. Èyí tí kì í ṣe ara ẹran rárá wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ló nira jù fún àwa tó fẹ́ràn òkèlè. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra máa ń kún fún ọ̀rá, apá òsì rẹ̀ á wú bo àpòlúkù mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni oníṣẹ́ abẹ fẹ́ dé. Bí kò bá rí i gbé sókè, ẹ̀dọ̀ lè ya, tàbí kí oníṣẹ́ abẹ pa ihò dé kó ní kí ẹ padà lọ sílé. Nítorí náà wọ́n á ní kí ẹ jẹ oúnjẹ tí kálórì rẹ̀ kò ju 800 sí 1,000 lọ lójúmọ́, kí ohun tó ń di ṣúgà sì kéré gan-an nínú rẹ̀. Ẹ̀bà jáde, iyán jáde, ìrẹsì, dòdò àti búrẹ́dì jáde. Ẹja, adìẹ tí wọ́n bó awọ rẹ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kéré, àwọn nìyẹn dúró. Àwọn kan á yan mílíìkì nìkan láàyò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi àti ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tò jọ á yọ́ kúrò, á sì rọ̀. Ẹni tó bá lọ sí òwàǹbẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú, tó ní òun fẹ́ fi ìrẹsì náà dágbére, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa tú u fó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń gba ínsúlínì tàbí tó ń lo gliclazide, ẹ má bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí láìjẹ́ pé wọ́n ti dín oògùn yín kù, kí ṣúgà má bàa já lulẹ̀ lójijì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹ ṣe máa jẹun lẹ́yìn náà nísinsìnyí. Láti kékeré la ti ń gbé òkèlè mì láìjẹ. Àpòlúkù tí wọ́n bá ti gé kò ní í gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ máa rún oúnjẹ lẹ́nu títí yóò fi kúnná, kí ẹ má sì mu omi mọ́ oúnjẹ.

Ààwẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan á gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Ara tó gbẹ kò yẹ abẹ: kíndìnrín á jìyà, ẹ̀jẹ̀ á ki. Oúnjẹ máa ń dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi lásán sì lè máa lọ títí di wákàtí méjì, bí ilé ìwòsàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ gba èyí tó kù fún yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ti ń wo Tọ́kì. Owó rẹ̀ kéré ju ti àdáni níbí lọ, NHS sì ń pẹ́. N kò sọ pé àwọn dókítà ibẹ̀ kò mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Istanbul lónìí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru? Ìgbà wo ni ẹ̀dọ̀ fẹ́ rọ̀? Yóò tún jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí mẹ́rin padà bọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa dì sí. Ọdún méjì ni ìlànà níbí ní kí ẹgbẹ́ tó ṣiṣẹ́ abẹ fi máa tọ́jú èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pinnu láti lọ, ẹ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo kà sílẹ̀ yìí níbí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mọ dókítà tó máa máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ bá dé.

Bí a bá sọ fún yín pé “kò tíì tó àkókò,” ẹ má kà á sí pé wọ́n lé yín. Ohun kan la rí tó ṣeé tún ṣe: ṣúgà tó ga, èémí, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ọkàn tí a fẹ́ tún wò nítorí pé ẹ kò lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìdúró. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ẹ bá rí, kì í ṣe wèrè ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ máa ń jẹun láìsí pé ebi ń pa yín.

Ohun tó kù ni ẹnìkan tó gbọ́dọ̀ mọ̀ nílé. Ẹ fi pamọ́ fún ìyá ọkọ, ẹ fi pamọ́ fún gbogbo ìjọ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ mú ẹnìkan péré tí ẹ lè fọkàn tán, kó mọ orúkọ iṣẹ́ abẹ náà, kó ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n rán lè jò. Ẹni yìí ni yóò ṣọ́ bí ara bá gbóná, bí inú bá ń run yín tí ìrora sì gun èjìká, bí èémí bá ń yára, tàbí bí ọkàn bá ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ dìde. Bó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lóru, kó má dúró de àárọ̀, kó má sì sọ fún àwọn tó bá gbé ọkọ̀ wá pé fàíbírọ́ìdì ni wọ́n yọ. Kó pe 999, kó sì sọ orúkọ iṣẹ́ abẹ náà gan-an fún wọn.